Ọ̀fẹ́lẹ́n Ilé Wa

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá sọ fún yín pé búrúsì ìjọba, owó tí ìjọba fi ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti lọ sí iléèwé aládàáni, òun ló sọ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi di dúdú bí èédú, ẹ ó ní kí n lọ wá irọ́ mìíràn. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà. Nọ́ọ̀sì tó bá mi wo ẹsẹ̀ náà kò gbà. Ó bi mí pé kí ló já lù mí lẹ́sẹ̀, mo ní búrúsì. Ó wo ojú mi títí, ó wá kọ "òkúta" sínú ìwé rẹ̀.

N kò bá a jiyàn. Èmi náà, ìwé ni mò ń kọ jẹun. Mo mọ̀ pé ohun tó bá ti wọnú ìwé, ó parí nìyẹn. Bóyá ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgólò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń fi okùn dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń ti Ìdí-Ìrókò bọ̀. Mo ti kọ́ ọmọdé níwèé rí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè mí ní Mẹ́tìrì títí dòní, títí kan àwọn tí n kò kọ́ ní nǹkan kan rí. Ní báyìí, ẹ̀rọ fọ́tòkópì kan, tábìlì kan àti bíìkì mẹ́ta tí mo fi ń kọ̀wé ni gbogbo iléeṣẹ́ mi. Ẹni tí kò bá gbọ́ Faransé á gbé ìwé rẹ̀ wá, á jókòó, á sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, èmi á kọ ọ́ ní Faransé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé wọn ni fíìṣì, àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ ìbéèrè sí, tí wọ́n wá fi ìlà sílẹ̀ fún ìdáhùn. Mo ti sọ ìyàwó kẹta di àbúrò rí, nítorí àyè tí fíìṣì fi sílẹ̀ kò gba ju ìyàwó kan lọ.

Ó dá mi lójú pé àwọn tó ń ṣe fíìṣì kò gbé nínú agbo ilé rí. Wọ́n á kọ "Père", ìyẹn bàbá, wọ́n á wá fi ìlà kan ṣoṣo síwájú rẹ̀. Ìlà kan! Nínú agbo ilé tiwa ní Ìfànyìn, bí ọmọ kan bá ké "Bàbá!" láàárọ̀, ọkùnrin mẹ́rin ló máa dáhùn, ẹ̀karùn-ún á sì yọ orí tó kún fún ọṣẹ jáde láti balùwẹ̀ pé ta ló ń pe òun.

Ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí i. Àìsàn mú ẹ̀gbọ́n mi lọ nígbà tí ọmọ náà kò tíì máa rá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ìyá rẹ̀ tún lọ́kọ sí Ìdí-Ìrókò, ó sì máa ń wá wò ó lọ́jọ́ ọjà, tòun ti búrẹ́dì gígùn lábẹ́ apá. Ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wa, èmi àti ìyá mi. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí Kùtọnù, ìyàwó mi sì wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láti ìgbà tí ẹnu ọmọ náà ti là ló ti ń pè mí ní Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé kí ó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, a ní ẹ̀gbọ́n wa kú, ọmọ ìyá mi kú, ọkọ ìyàwó ilé wa kú. Kò sẹ́ni tó ní bàbá ọmọ kú. Bàbá ọmọ ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ọmọ náà mọ̀, dájúdájú. Àwòrán ẹ̀gbọ́n mi wà lára ògiri ní pálọ̀, tòun ti fìlà tó tẹ̀ sápá òsì. Ọmọ kan kì í gbé ilé ọdún méjìlá kó má mọ ẹni tó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n mímọ̀ ni, kì í ṣe sísọ.

Ọmọ yìí wá ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa débi pé ọ̀gá iléèwé wọn gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti wá sọ ọ́. Ó ní ìjọba ní búrúsì kan fún àwọn ọmọ tí orí wọn pé tí bàbá wọn sì ti kú. Ó ní owó náà á ran ilé lọ́wọ́ láti san owó kọ̀lẹ́ẹ̀jì aládàáni tó wà ní ọ̀nà Ìgólò, èyí tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun àti búlúù. Mo mọ kọ̀lẹ́ẹ̀jì náà. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, n kì í sì í wo inú rẹ̀ pẹ́ títí, nítorí mo mọ agbára àpò mi.

Ọmọ náà ti wo inú rẹ̀ ní tirẹ̀. Iléèwé wọn kó wọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní awò kan níbẹ̀ tí ó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, olùkọ́ sì fi ẹsẹ̀ èèrà kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá wò. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi gbọ́ nípa ẹsẹ̀ èèrà nílé.

"Màmá, irun wà lára rẹ̀!"

Ìyá mi ní, "Irun kẹ̀? Lára èèrà?"

"Irun ni! Ó rí bí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó tún ní orúnkún."

Ìyá mi, tó ti ń gbá èèrà kúrò nídìí ìkòkò láti bí ọgọ́ta ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba láti wò wọ́n kí ó tó gbálẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ní orúnkún.

Ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ kò ju kí ó padà síbi awò yẹn lọ. Kọ̀lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà o, ṣùgbọ́n kíláàsì ibẹ̀ kún débi pé àwọn kan ń kọ ìwé lórí itan, kò sì sí awò. Bí búrúsì bá jáde, aládàáni. Bí kò bá jáde, orí itan.

Mo kọ fíìṣì búrúsì náà ní ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀sán, láàárín oníbàárà méjì, bí ẹni pé ti ọmọ ẹlòmíràn ni. Níbi "Père", mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fa ìlà sí àpótí kékeré tó ní ó ti kú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti béèrè irú ọmọ tó jẹ́, mo kọ "orpheline", ìyẹn ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo dojú ìwé náà dé. Mo sọ fún ara mi pé kí atẹ́gùn má baà gbé e ni.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní kí n ka ohun tí mo kọ fún òun. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n máa kà á fún un, bí ẹni tó ń gbọ́ ewì. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Kí lo pe èyí tó kẹ́yìn?"

"Ọ̀fẹ́lẹ́n."

"Ọ̀fẹ́?"

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti gbọ́ ọ̀fẹ́, ó sì ti gbà pé ìyókù, ìrù Faransé lásán ni. Ó yẹ kí n tún un ṣe níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa mí, ẹnu mi sì wúwo láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an.

Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Wọ́n á jẹ́ kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ohun tí a ń retí nìyẹn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ wa ti di ọ̀fẹ́lẹ́n. Ìyá mi sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá, ó ra àkàrà, ó sọ ọ́ fún alákàrà. Àwọn èèyàn ń ya wá kí wa. Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kí tiwa náà di ọ̀fẹ́lẹ́n. Ìyá mi á ní àmín. Èmi á wọ yàrá lọ, n ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ará ilé tó kọjú sí tiwa, ọkùnrin kan báyìí tó ń ṣe epo pupa, ara rẹ̀ le bí igi, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ń fi pákò ta eyín.

"Mẹ́tìrì, ọmọ mi ọkùnrin ńkọ́? Ẹ ò lè bá mi sọ ọ́ di ọ̀fẹ́lẹ́n?"

Mo ní, "Ó ṣòro o. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló máa gbà lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Ohun yòówù tó bá gbà, mo ti múra tán."

Mo ní, "Ẹ bá ìyàwó yín sọ ọ́ ná."

Ó ní ìyàwó òun gan-an ló rán òun wá.

Ọmọ náà nìkan ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, èmi àti òun. Ó ti kọ́ Faransé níléèwé. Bí ìyá mi bá ti pè é ní ọ̀fẹ́lẹ́n, á wo ẹ̀gbẹ́ ojú mi, á wo ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. N kò béèrè. Mo fẹ́ràn kí n máa fi àwọn èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, mo sì ti rí i pé ìgbà tó ń dùn jù ni ìgbà tí n kò bá béèrè ohunkóhun.

Ìyá mi kò dúró kí àbájáde dé. Ó lọ sí ọjà Ìgólò, ó ra bàtà kọ̀lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ náà, bàtà dúdú, aláwọ, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ le bí òòlù. Mo ní kó jẹ́ ká ní sùúrù. Ó ní àṣé n kò fẹ́ ire. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ nínú ilé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Kó, kó, kó, láti ilé ìdáná dé pálọ̀. Èmi tí mo ń sùn lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú tẹ́lẹ̀, n kò rí oorun sùn mọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n rán obìnrin kan wá láti mẹ́rì, ìyẹn ilé àwọn aláṣẹ ìlú, pé kó wá wo ilé. Wọ́n ti mú díẹ̀ nínú àwọn fíìṣì, ti ọmọ wa sì wà níbẹ̀, ó wá ku kí wọ́n rí i pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni, ó gbọ́ Yorùbá bíi tiwa, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì mọ ọmọlúwàbí. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Ìyá mi ti gbá iwájú ilé, ó ti gbé àga jáde. Ọkùnrin elépo ti wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá kan tirẹ̀. Ọmọ gbé omi wá nínú àwo, kó, kó, kó.

Obìnrin náà mu omi, ó ṣí dosíè rẹ̀, àpò tó kó ìwé wa sí.

"Màmá, ọmọ yìí la wá bá. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọ̀fẹ́lẹ́n ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Obìnrin náà mi orí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Ìtùnú ti kí ni, ọmọ mi? Inú wa ń dùn ni."

"Inú yín ń dùn?"

"Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀fẹ́lẹ́n ni inú wa ti ń dùn. Adìẹ la pa."

Obìnrin náà gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. Ó wo ìyá mi, ó wo èmi. Mo ń wo òrùlé ilé elépo.

Ó ní, "Ẹ pa adìẹ?"

"Èyí tó sanra jù. Mo tún fi owó àkùkọ kejì kún owó bàtà. Ẹ wò ó lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ọkùnrin elépo ní, "Èmi náà ń dúró de tèmi, Madámù. Mo ti bá Mẹ́tìrì sọ ọ́."

"Tiyín wo, Bàbá?"

"Kí ẹ sọ ọmọ mi náà di ọ̀fẹ́lẹ́n."

Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti fi bíìkì rẹ̀ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, mo gbà fún un títí dòní. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá mi. "Màmá," ó ní, "ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ní bàbá."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin elépo dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ah, Mẹ́tìrì! Èmi? Ẹ ní kí n bá ìyàwó mi sọ ọ́!"

Ó lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ó bá ti rí mi, ó máa ń na apá méjèèjì kí n lè rí i pé òun wà láàyè.

Ìyá mi kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ń wò mí. Nígbà tí inú ìyá mi bá ń dùn sí mi, ọkọ mi ló ń pè mí. Kò pè mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

"Ìwọ yìí. Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"O kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò ní bàbá."

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ—"

"N kò bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ yìí, ṣé kò ní bàbá?"

Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbá àwo omi mọ́ àyà. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ojú mi lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi gan-an ló ń wò. Mo mọ ìdáhùn tí búrúsì ń fẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn tí mo ti bá kọ irú rẹ̀ pọ̀, mo sì ti máa ń sọ fún wọn pé, bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ ohun tó wà nínú ìwé, ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Mo ní, "Ó ní. Èmi ni bàbá rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Ẹ gbọ́?"

Obìnrin náà ti gbọ́. Ó fa fíìṣì náà jáde, ó gbé e síwájú mi, ó sì pè mí ní tọ́ńtọ́n, bí àwọn Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá.

"Tọ́ńtọ́n, ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ kọ ọ́ pé bàbá ọmọ ti kú."

"Mo kọ ọ́."

"Ẹ tún ní ẹ̀yin ni bàbá ọmọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sì wà láàyè."

Mo ronú díẹ̀. "Mo wà láàyè."

"Bọ́n, ó dáa," ó ní. Ó pa dosíè dé. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù pé ìwé tí orúkọ gbogbo àwọn ọmọ wà ń lọ sí Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, lọ́sàn-án ọ̀la. Bí òun bá kọ ohun tí òun gbọ́ nílé wa, orúkọ ọmọ wa á jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá jókòó, tí wọ́n kọ ìwé pé bàbá ọmọ ti kú lóòótọ́, tí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó jẹ́ tútẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tí àgbà ilé sì tẹ ìka sí i, tí ìwé náà bá dé ọwọ́ òun kí agogo mẹ́wàá tó lù, òun kò gbọ́ nǹkan kan lónìí. Kí ẹ mú ọmọ náà dání, ó ní. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi tán, ó gun ọ̀kadà rẹ̀.

Mo kọ ìwé náà kí oòrùn tó wọ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn àbúrò bàbá mi méjèèjì tó wà ní agbo ilé fi ọwọ́ sí i láìbéèrè, nítorí wọ́n ti gbọ́ ariwo náà láti ilé ìdáná wọn. Ó wá ku ìyá mi. Mo gbé páàdì íǹkì síwájú rẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá.

"N kò ní tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀kan lọ, ọ̀kan kù. Èyí tó kù sì gbé ìwé wá pé kí n tẹ̀ ẹ́ pé òun náà kò sí. Kí ni o ní wọ́n pè ọ́ níbẹ̀?"

"Tútẹ̀."

"Kí nìyẹn ní Yorùbá?"

"Alágbàtọ́."

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn mọ́ni. "Ta ló gbé ọmọ fún ọ pé kí o bá òun tọ́ ọ? Orúkọ rẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ nípa awò, mo sọ nípa kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ ìwé lórí itan. Ó ní òun mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ kí ọmọ wo ẹsẹ̀ èèrà, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọwọ́ ara òun gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ wò ó. Ká sọ òótọ́, bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo kọ ìwé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ǹ bá wà.

Ọmọ náà ti ń fọ abọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, abọ́ mẹ́ta péré, ó ń fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó nu ọwọ́, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá mi.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"O mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo ti kà á. Mo ka èyí àkọ́kọ́ náà."

"Kò sì dùn ọ́?"

Ọmọ náà ro ó wò. "Faransé ni, Màmá. Kò sí ẹni tó ń ka Faransé nílé yìí àfi èmi àti Bàbá."

Ìyá mi wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo àwòrán ara ògiri, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ẹni ibẹ̀ ní nǹkan sọ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún jáde.

Ó sọ fún mi pé, "Dákọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kì í tẹ ohun tí n kò gbọ́. Wàá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, kó ti ẹnu rẹ jáde. Ìwọ lo kọ ọ́, èmi kọ́."

Mo ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé fún àwọn èèyàn. Mo ti ka ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún ọkọ níwájú ìyàwó. Mo wá sọ ọ́.

"Bàbá ọmọ yìí ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀."

Ìyá mi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ọmọ náà ní, "Mo gbọ́," bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó sì dìde lọ kó abọ́ rẹ̀. N kò gbọ́ kó, kó, kó. Ó ti bọ́ bàtà náà. Nígbà tó kí mi pé ó dàárọ̀, kò pe Bàbá mọ́ ọn. Kò pe ohun mìíràn mọ́ ọn náà. Ó kàn ní ó dàárọ̀ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun gun ọ̀kadà kan lọ sí mẹ́rì. Ó jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, ó gbé dosíè mọ́ra, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó kí mi nígbà tí a jí, ṣùgbọ́n ìkíni náà tún kúrú. Agogo mẹ́sàn-án ti lù díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Obìnrin ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ náà gba ìwé wa, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka tọ ibi tí íǹkì búlúù àtàǹpàkò ìyá mi wà. Ó ní ó dára. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó kọ orúkọ ọmọ náà sí i, ó sì na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ṣe, láìgbé ojú sókè, ó béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn.

"Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí, Tọ́ńtọ́n?"

Mo ní, "Bàbá rẹ̀ ni m—"

Gìgísẹ̀ bàtà kọ̀lẹ́ẹ̀jì wálẹ̀ sórí àtàǹpàkò mi. Sálúbàtà lásán ni mo wọ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ tó tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ lè wúwo tó báyẹn. Mo ké yéè, àwọn tó wà lórí ìlà yí ojú padà.

Obìnrin náà gbé òǹtẹ̀ dúró sókè. "Kí lẹ ní?"

"Tútẹ̀," mo ní, pẹ̀lú omi lójú. "Tútẹ̀ rẹ̀ ni mí."

Ó wò mí, ó wo ọmọ náà. Ọmọ náà ń wo iwájú gbọnrangandan bíi sójà. Obìnrin náà lu òǹtẹ̀ náà, gbà, ó sì pe ẹni tó kàn.

A jáde síta. Mò ń tiro. Ó ń lọ níwájú, kó, kó, kó, lórí sìmẹ́ńtì, títí tó fi dé ìdí igi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Ibẹ̀ ló ti yí padà, ó sì rí bí mo ṣe ń rìn.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ó dùn yín?"

Mo ní kò dùn mí rárá.